Iyọ̀ Náà Fẹ́ Sùúrù

Ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń mú gan-an ní Adó-Èkìtì, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe kírísítálì iyọ̀ nínú láàbù. A da iyọ̀ gíráàmù 36 sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mílílítà 100, a pò ó títí ó fi yòrò. Ibẹ̀ ni omi náà yó sí. Bí ẹ bá tún fi iyọ̀ kún un, ìsàlẹ̀ ló máa jókòó sí. A sẹ́ ẹ, a pín in sí abọ́ méjì.

Ẹgbẹ́ kìíní ò ní sùúrù. Wọ́n gbé tiwọn ka iná, kò pẹ́ rárá tó fi gbẹ. Lẹ́búlẹ́bú funfun ló kù nídìí abọ́. Ẹgbẹ́ kejì fi bébà bo tiwọn, wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, ariwo ta: nǹkan kéékèèké tó ń dán, tí igun rẹ̀ gún bíi ti dáìsì lúdò, ti wà nínú abọ́!

Iyọ̀ kan náà, omi kan náà. Kí ló wá fà á?

Nínú iyọ̀, èérún sódíọ̀mù àti ti kiloráìdì ló ń tò tẹ̀lé ara wọn, bí ìgbà tí bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù. Lawrence Bragg ló fi X-ray ṣàlàyé ìtò yìí ní 1913. Bí omi bá ń lọ díẹ̀díẹ̀, èérún kọ̀ọ̀kan á ráyè wá ipò tirẹ̀ lára kírísítálì tó ti wà nílẹ̀. Bí omi bá sá lọ lẹ́ẹ̀kan, àìmọye kírísítálì ló máa bẹ̀rẹ̀ pọ̀, kò sì ní sí èyí tó máa tóbi.

Ẹ má dán an wò ní oṣù keje o. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá kọjá ìdá 75 nínú 100, iyọ̀ fúnra rẹ̀ á máa fa omi mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ inú ike yín fi ń rin lásìkò òjò.

Bí ẹ bá dé Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹ sún mọ́ òkúta gíránáìtì ibẹ̀. Ẹ ó rí kírísítálì lára rẹ̀ láìlo awò kankan. Òkúta tó yọ́ ló tutù jẹ́jẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òfin kan náà ni.

Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ kìíní bi mí pé, "Sà, ṣé tiwa ti bàjẹ́ nìyẹn?" Mo ní rárá. Wọ́n bu omi sí lẹ́búlẹ́bú wọn, ó yòrò, wọ́n sì fi bébà bò ó.