Abẹ́rẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀: Ta ló yẹ kó gbà á, ta ni kò yẹ?

Láti Ìkòròdú dé Ìtòìkín, títí dé ìlú Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọn a ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi ti kéré, mo fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀." Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n bá sì ti gún un tán, ara yóò le. Aláboyún ń béèrè fún un, bàbá arúgbó ń béèrè fún un, ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà ń béèrè fún un lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì àdúgbò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abẹ́rẹ́ tó gba ẹnì kan là lè ba ara ẹlòmíràn jẹ́, nítorí pé ohun tó fa àìtó ẹ̀jẹ̀ wọn kò dọ́gba. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká ṣàlàyé irú abẹ́rẹ́ tó wà, títí kan luspatercept, abẹ́rẹ́ tuntun tí àwọn oníṣègùn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2019.

Àìtó ẹ̀jẹ̀, àmì àìsàn ni

Àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn tí a ń mí símú káàkiri ara. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì máa ń lo nǹkan bí ọgọ́fà (120) ọjọ́ kó tó gbó. Bí wọn kò bá pọ̀ tó, àárẹ̀ yóò dé, orí yóò máa fọ́, àyà yóò máa lù kì-kì-kì bí èèyàn bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ìwọ̀n èròjà hẹmoglóbìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń retí lára àgbàlagbà ọkùnrin kò gbọdọ̀ dín sí 13, ti obìnrin tí kò lóyún kò sì gbọdọ̀ dín sí 12.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ kò fún ara ní èròjà irin tó, tàbí kí aràn inú máa mu ẹ̀jẹ̀, tàbí kí nǹkan oṣù obìnrin máa pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ ibà ló ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ó lè jẹ́ kíndìnrín ló ti ṣàárẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kò pé láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ìdí kọ̀ọ̀kan ló ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Àwọn abẹ́rẹ́ tó ti wà tipẹ́

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni abẹ́rẹ́ èròjà irin. Ẹni tí irin tán lára rẹ̀ nìkan ló wà fún. Síbẹ̀, òun náà kì í ṣe idán. Ìwádìí ńlá kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bosede Afolabi ti Yunifásítì Èkó ṣe kòkáárí rẹ̀ fi èyí hàn. Àwọn aláboyún 1,056 ni wọ́n yẹ̀ wò ní Èkó àti Kánò, wọ́n fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ irin, wọ́n fún àwọn yòókù ní oníhóró. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2024, ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì kéré nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 36, nígbà tí ti àwọn tó lo oníhóró jẹ́ ìdá 61. Ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan.

Abẹ́rẹ́ fítámì B12 wà fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lè fa fítámì náà láti inú oúnjẹ. Bákan náà ni abẹ́rẹ́ EPO wà, tí wọ́n ń fún àwọn alárùn kíndìnrín. Kíndìnrín tó yá ló máa ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí kíndìnrín bá ti kùnà, abẹ́rẹ́ yìí ni yóò pàṣẹ náà dípò rẹ̀.

Luspatercept, abẹ́rẹ́ tuntun

Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ yìí fún àwọn àgbàlagbà tó ní tálásímíà. Àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń bí mọ́ni ni tálásímíà, ó sì wọ́pọ̀ ní etí òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Éṣíà ju ọ̀dọ̀ tiwa lọ. Ní ọdún 2020, wọ́n tún fọwọ́ sí i fún àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní MDS, èyí tó máa ń ba mùdùnmúdùn egungun jẹ́, pàápàá lára àwọn tó ti dàgbà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn àìsàn méjèèjì yìí dà bí amọ̀kòkò tó mọ ọgọ́rùn-ún ìkòkò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fọ́ sínú iná kó tó kó wọn jáde. Ara ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń kú kí wọ́n tó dàgbà. Àwọn èròjà kan wà nínú ara tó máa ń dí ìdàgbàsókè wọn lọ́wọ́. Luspatercept máa ń gbá àwọn èròjà yìí mú, kí sẹ́ẹ̀lì lè ráyè gbó dáadáa kó sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Abẹ́ awọ ara ni wọ́n ń gún un sí, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ìwọ̀n ara aláìsàn sì ni dókítà fi ń pinnu iye tí yóò gbà.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára 336 àgbàlagbà tó ní tálásímíà, ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á ni iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí wọn lára dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta ó kéré tán. Lára àwọn tó gba omi abẹ́rẹ́ lásán, kò pé ìdá márùn-ún. Nínú ìwádìí ti MDS, ìdá 38 ló lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ láì gba ẹ̀jẹ̀ rárá, nígbà tí ti àwọn tó gba omi lásán jẹ́ 13.

Ó ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Egungun lè máa dun èèyàn, orí lè máa fọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru lè yọjú, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan. Aláboyún kò gbọdọ̀ gbà á. Kò sì lè rọ́pò ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó nílò ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Owó rẹ̀ fún ọdún kan ní Amẹ́ríkà ju ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún (100,000) dọ́là lọ, inú ẹ̀rọ amóhun-tutù ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀ sí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ń tà á ní owó pọ́ọ́kú ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, ẹ yáa fura.

Àwọn tó ní SS ńkọ́?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé bí èèyàn kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS ní Nàìjíríà, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ tó ní SS ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún. Wọn kò fọwọ́ sí luspatercept fún fòníkú-fọ̀ladìde. Kódà, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ti tálásímíà, wọ́n yọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní S nínú kúrò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní SS máa ń dàgbà jáde, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ̀ bí dòjé, kì í sì í lò ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ kó tó fọ́.

Oògùn méjì mìíràn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún SS ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 kan náà ti kọ́ àgbáyé lọ́gbọ́n. Ilẹ̀ Yúróòpù fagi lé crizanlizumab, abẹ́rẹ́ tó wà fún ìrora, ní ọdún 2023. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Pfizer kó voxelotor, oníhóró tó wà fún àìtó ẹ̀jẹ̀, kúrò lórí àtẹ ní gbogbo àgbáyé nítorí ikú àti ìrora tí wọ́n rí lára àwọn tó ń lò ó. Èyí tó ti pẹ́ tó sì ṣì dúró ni hydroxyurea. Oníhóró ni, wọ́n sì ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ Bond Chemical ní ìlú Awẹ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Dókítà ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹni tó ń lò ó.

Èyí tó léwu jù ni kí ẹni tó ní SS lọ gba abẹ́rẹ́ irin fúnra rẹ̀. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n bá fà síni lára ń gbé irin tó tó 200 sí 250 mílígíráàmù wọlé, ara kò sì ní ọ̀nà tó lè gbà dà á nù. Ẹni tó ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, irin ti lè pọ̀ jù lára rẹ̀. Bó bá tún fi abẹ́rẹ́ kún un, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń fi tafala.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín ní abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe PCV, kẹ́ ẹ sì mọ̀ bóyá AA, AS tàbí SS ni yín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára wọn lọ, wọ́n lè kọ ìwé fún yín lọ sí LASUTH n'Íkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí àwọn oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ wà.

Ẹni tó ní SS gbọ́dọ̀ mọ iye tí PCV rẹ̀ máa ń jẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ọ̀pọ̀ wọn wà láàyè dáadáa pẹ̀lú 22 tàbí 24, ìyẹn nìkan kò sì tó ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Ṣùgbọ́n bó bá já wálẹ̀ lójijì sí bó ṣe máa ń wà, tàbí tí àyà ń dunni, tí èémí kò já gaara, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbà.

Bí dókítà bá wá kọ abẹ́rẹ́ fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló fa àìtó ẹ̀jẹ̀ mi? Kí ni abẹ́rẹ́ yìí yóò ṣe sí i? Àyẹ̀wò wo la ó fi mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́? Kò sí dókítà gidi tí àwọn ìbéèrè yìí yóò bí nínú.