Iṣẹ́ Ajẹ́ǹtì Ilé: Ṣé Kí A Fi Kún Iṣẹ́ Oṣù Ni, Àbí Kí A Fi Gbogbo Àsìkò Ṣe É?

Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ oṣù l'Ékòó ló ń ronú láti di ajẹ́ǹtì ilé. Owó oṣù kò tó ná mọ́, iṣẹ́ yìí kò sì béèrè owó ìdókòwò rẹpẹtẹ. Ìbéèrè tó kù ni bóyá kí wọ́n fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí owó rẹ̀ ṣe ń wọlé ná. Ìgbà tí ènìyàn bá gba ilé ni ajẹ́ǹtì tó ń rí owó, ohun tí ọ̀pọ̀ sì ń gbà ni ìdá 10 nínú 100 owó ilé ọdún kan. Ilé tí owó rẹ̀ jẹ́ 600,000 náírà yóò mú 60,000 wá. Ṣùgbọ́n ajẹ́ǹtì tó mọ onílé àti èyí tó mú ayálégbé wá ni yóò sábà pín in, owó ọkọ̀ àwọn tó wo ilé náà tí wọn kò gbà á sì ti lọ. Ilẹ̀ títà ń mówó wọlé ju èyí lọ, àmọ́ oṣù mẹ́fà lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rà. Ta ni yóò bọ́ ilé ní oṣù mẹ́fà náà? Ìdí nìyí tí a fi gbà pé kí olórí ìdílé kọ́kọ́ fi kún iṣẹ́ tó ní.

Ìyẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wo ilé ní ọ̀sán Tuesday kò ní dúró de Satide. Bẹ́ẹ̀ sì ni wíwádìí ìwé ilẹ̀ ní Alausa, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e, iṣẹ́ ọjọ́ tí ọ́fíìsì ṣí ni. Ajẹ́ǹtì tí kò ráyè lọ, tó ní "ilẹ̀ náà mọ́", ti fi owó olówó wewu. Ẹni tó sì ń yọ́ kúrò níbi iṣẹ́ láti lọ fi ilé han ènìyàn ń ta àsìkò tí ọ̀gá rẹ̀ ti sanwó fún. Àmánà ni àsìkò yẹn. Ohun tó dára ni kí ó bá ajẹ́ǹtì tó ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe é dòwò pọ̀, kí wọ́n sọ bí wọn yóò ṣe pín owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdẹwò ẹni tó ń fi gbogbo àsìkò ṣe é yàtọ̀. Nígbà tí owó iléèwé bá dé tí kò sí owó lọ́wọ́, ahọ́n a máa yára fi àbùkù ilé pamọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń gba owó ìwolé lórí ilé tí ẹlòmíràn ti gbà tẹ́lẹ̀! Àwọn onímọ̀ fìkíhì gba iṣẹ́ alágbàtà láàyè tí owó rẹ̀ bá ti di mímọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kò sí nínú ohun tí wọ́n gbà láàyè. L'Ékòó, ajẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, ìbáà ṣe òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, kí ó kọ gbogbo owó ajẹ́ǹtì tó wọlé fún ọdún kan sínú ìwé, kí ó yọ owó ọkọ̀ àti owó fóònù kúrò. Tí èyí tó kù bá tó owó oṣù rẹ̀, tí oúnjẹ oṣù mẹ́fà sì wà nílẹ̀, kí ó bá ìyàwó rẹ̀ jókòó kí ó tó kọ lẹ́tà fún ọ̀gá.