Harold Larwood, Ajubọ́ọ̀lù Tí Ó Kọ̀ Láti Tọrọ Àforíjì

Iṣẹ́ tí ọ̀gá bá rán ọmọ-iṣẹ́, bí ó bá yọrí sí ìjà, ta ni ó yẹ kí ó dáhùn? Ìbéèrè yìí ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Harold Larwood, ọ̀kan nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù tí ó yára jù lọ tí eré kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tíì ní.

Ọdún 1904 ni a bí i ní abúlé Nuncargate, ní ẹkùn Nottinghamshire. Awakùsà ni bàbá rẹ̀, nígbà tí òun náà sì pé ọmọ ọdún 14, ó wọ inú ihò èédú, ó ń da àwọn ẹṣin kékeré tí ń fa ẹrù lábẹ́ ilẹ̀. Kò ga, ṣùgbọ́n iṣẹ́ èédú ti sọ èjìká rẹ̀ di irin. Ní 1924 ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣeré fún Nottinghamshire. Ní 1926 ó ti wà nínú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Láyé ìgbà náà, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn eléré sí. Àwọn ọmọ ọlọ́lá ń ṣeré láìgbowó, àwọn ni wọ́n sì sábà ń fi ṣe olórí. Àwọn tí ń gbowó bíi Larwood ni òṣìṣẹ́, wọn kì í sì í bá àwọn ọlọ́lá gba ẹnu ọ̀nà kan náà. Ọdún 1962 ni wọ́n tó fòpin sí i.

Ní 1932 Douglas Jardine, ọmọ ọlọ́lá, kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Ọsirélíà. Ẹ̀rù Don Bradman ń bà wọ́n, nítorí ó ti gba 974 sí wọn lára ní 1930. Jardine ní kí Larwood máa ju bọ́ọ̀lù sí ara ẹni tí ó di igi mú, kí àwọn tí yóò hán bọ́ọ̀lù sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní Adelaide, oṣù kìíní 1933, bọ́ọ̀lù ba Bill Woodfull láyà. Òmíràn fọ́ agbárí Bert Oldfield, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Oldfield fúnra rẹ̀ sọ pé Larwood kò jẹ̀bi. Àwọn ará Ọsirélíà fi wáyà ránṣẹ́ sí London pé eré yìí kì í ṣe ti ọmọlúwàbí. Gẹ̀ẹ́sì borí nígbà 4, wọ́n sì pàdánù ẹ̀ẹ̀kan. Larwood nìkan mú wíkẹ́ẹ̀tì 33.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ti ìjọba sí ìjọba, wọ́n ní kí Larwood kọ̀wé tọrọ àforíjì. Ó ní àṣẹ olórí òun ni òun ṣe, òun kò ní tọrọ ohunkóhun. Kò tún ṣeré fún Gẹ̀ẹ́sì mọ́ láéláé. Jardine ńkọ́? Òun náà ni wọ́n tún fi ṣe olórí lọ sí Íńdíà ní òpin ọdún 1933 kan náà!

Larwood bá iṣẹ́ lọ ní Nottinghamshire títí di 1938. Àpapọ̀ wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ 1,427. Lẹ́yìn ogun, ó ń ta súìtì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Blackpool.

Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu jù ni èyí. Ní 1950 ó kó aya àti ọmọbìnrin rẹ̀ 5 sínú ọkọ̀ òkun Orontes, ọkọ̀ kan náà tí ó gbé e lọ ní 1932, ó sì lọ fi Ọsirélíà ṣe ilé. Jack Fingleton, tí ó ti dúró níwájú bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí, ni ó bá a tọ́jú ọ̀nà. Àwa tí a ń gbé ìdálẹ̀ mọ ìwọ̀n ìtùnú tí ó wà nínú irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti pariwo lé e lórí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní Sydney.

Ní 1993 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 88. Sydney ni ó kú sí, ní oṣù keje 1995.