Bí Iná Bá Lọ: Ìtọ́jú Ewéko Inú Àpótí Ẹja Nígbà Òkùnkùn

Ìfáárà

Àkòrí tí mo mú wá lè jọ ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn: kí ni kí a ṣe tí ewéko inú àpótí gíláàsì tí a fi ń sin ẹja kò fi ní kú, nígbà tí iná tí ó ń tàn sí i bá lọ? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama wa, irú àpótí bẹ́ẹ̀ nìkan ni olùkọ́ lè fi han ọmọ bí ohun abẹ̀mí inú omi ṣe ń gbé pọ̀. Bí ewéko rẹ̀ bá jẹrà, ẹja yóò kú tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ náà yóò sì bá a lọ.

Ọdún 1968 ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í ti Kainji wá. A dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, orúkọ mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2005, ní 2013 a sì gbé iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Síbẹ̀, ní 2024, léraléra ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin ewéko sínú omi ní Ìrẹsà-Adú tàbí Ìrẹsà-Apá gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òkùnkùn ń ṣe fún ewéko.

Iṣẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe

Jan Ingenhousz, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ ìwé kan jáde ní 1779 lórí ọ̀ràn yìí. Ó ri ewé tútù bọ inú omi, ó gbé e sínú oòrùn. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ewé náà wínníwínní bí ẹyin ẹja. Nígbà tí ó gbé e sínú òkùnkùn, afẹ́fẹ́ náà dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ yìí ni a ń pè ní ọ́síjìn lónìí. Ingenhousz tún rí i pé nínú òkùnkùn ewéko a máa ba afẹ́fẹ́ jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹranko ti ń ṣe.

Ewéko dà bí ìdílé tí ó jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ni ó ń pawó, ṣùgbọ́n tí ó ń náwó tọ̀sán tòru. Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń pèsè oúnjẹ àti ọ́síjìn. Èémí tí ó ń mí ni ó sì ń ná wọn.

Ohun tí ó ń pa ewéko ní ti gidi

Òkùnkùn kì í tètè pa ewéko tí ara rẹ̀ le, nítorí pé oúnjẹ wà nípamọ́ nínú ewé àti gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn tí ń sin ẹja a tilẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ fi aṣọ dúdú bo àpótí fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tí í bo gíláàsì lè kú. Ewéko gidi kì í bá a lọ.

Àìtó ọ́síjìn ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ewéko, ẹja, àti ewé tí ó ń jẹrà, gbogbo wọn ni ó ń fà á, kò sì sí ẹni tí ó ń dá a padà. Ooru tún ń dá kún un. Lítà omi kan tí ó wà ní ìwọ̀n 20°C lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 9 ọ́síjìn. Ní 30°C kò ju nǹkan bí 7.5 lọ. Ooru kan náà sì ń mú kí ohun abẹ̀mí túbọ̀ máa mí kíákíá. Nítorí náà, àìsí iná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn burú ju ti ìgbà ọyẹ́ lọ.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ìnáwó ni kí a dín kù. Kí a ṣa ewé tí ó ti pọ́n kúrò. Kí a má ṣe fún ẹja ní oúnjẹ; ẹja tí ó dàgbà, tí ara rẹ̀ sì le, lè fara da ọjọ́ méjì. Kí a má ṣe fi ajílẹ̀ sínú omi. Kí a máa fi igbá bu omi inú àpótí, kí a sì máa dà á padà láti òkè, pàápàá ní òru àti ní ìdájí. Bí omi ti ń já lulẹ̀ ni ó ń kó afẹ́fẹ́ wọlé.

Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, kí a wá owó tí yóò wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àpótí tí omi wà nínú rẹ̀, nítorí gíláàsì lè là. Ewéko ni kí a gbé lọ bá ìmọ́lẹ̀: kí a kó o sínú abọ́ funfun tí ó ní omi, kí a gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ojúmọ́ ti mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn ọ̀sán kò ti lè ta á. Omi inú abọ́ kékeré a tètè gbóná.

Ẹni tí ó ní fìtílà oníbátìrì lè lò ó, ṣùgbọ́n kí ó gbé e sún mọ́ omi. Bí fìtílà kékeré bá jìnnà sí ewé ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ni yóò dé ibẹ̀.

Nígbà tí iná bá dé, kí a má ṣe tàn án mọ́jú láti fi san gbèsè. Ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé ni yóò jèrè. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ tó fún ìbẹ̀rẹ̀, kí a tó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Kí a sì fọ ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi kí ó tó tún ṣiṣẹ́, nítorí omi inú rẹ̀ ti kan.

Ewéko tí ó yẹ wá

Àwọn ewéko tí ń yára dàgbà, tí ewé wọn sì pupa, ni ó máa ń kọ́kọ́ kú, nítorí ìnáwó wọn pọ̀. Èyí tí mo yàn láàyò ni Anubias barteri, ọmọ odò abẹ́ igbó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa. A fi orúkọ rẹ̀ rántí Charles Barter, tí ó bá ẹgbẹ́ Baikie rìnrìn-àjò lórí odò Ọya láti ká ewéko jọ, tí ó sì kú ní Rábà ní 1859. Òjìji igi ni ewéko yìí ti mọ́ lára. Kì í yára dàgbà, ìnáwó rẹ̀ sì kéré. Kí a dè é mọ́ òkúta tàbí igi. Bí a bá ri ìtàkùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò jẹrà.

Ní ti ojúoró, iyì rẹ̀ ni pé ó ń lékè omi, a sì ń fi í wúre. Ṣùgbọ́n nínú àpótí tí kò ní iná, òjìji rẹ̀ ni ó ń gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó kù lọ́wọ́ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Kí a kó o kúrò.

Ìkádìí

Èrò mi ni pé kí a má ṣe gbé ẹ̀mí ohun tí a ń sìn lé wáyà iná nìkan. Kí a yan ewéko tí ó mọ òjìji, kí a gbé àpótí sí ibi tí ojúmọ́ ń dé, kí igbá sì wà nítòsí. Ẹni tí ó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀.