Ṣíṣe Ètò Mutt fún Àdírẹ́sì Púpọ̀: Ọ̀nà Tí Lẹ́tà Ń Gbà Jáde

0. Ìfáàrà

Ẹni tí ó ní àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo kò ní wàhálà púpọ̀. Ọ̀rọ̀ máa ń díjú nígbà tí ẹni kan náà bá ń gba lẹ́tà ní ibi iṣẹ́, tí ó ń gba òmíràn ní ilé, tí ó sì tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kan, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyí ni ó ní kọ̀ǹpútà apínlẹ́tà tirẹ̀, èyí tí à ń pè ní server. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí a ṣe lè fi ètò kan ṣoṣo, Mutt, bójú tó irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Michael Elkins ni ó kọ Mutt ní 1995. Kò lo àwòrán rárá: ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì nìkan ni olùlò sì ń tẹ̀. Nítorí pé ó fúyẹ́, ó wúlò fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń fà tìkòtìkò, àti fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ìlú mìíràn.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ olùlò máa ń so ọ̀nà àbájáde lẹ́tà mọ́ àpótí tí wọ́n ṣí kẹ́yìn. Orúkọ ẹni tí ó kọ lẹ́tà ni ó yẹ kí wọ́n so ó mọ́.

1. Iṣẹ́ méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà

Gbígba lẹ́tà àti fífi lẹ́tà ránṣẹ́ jọ iṣẹ́ kan lójú olùlò, ṣùgbọ́n ìlànà wọn yàtọ̀ pátápátá. IMAP, tí Mark Crispin ṣe ní 1986, ni à ń lò láti ka lẹ́tà tí ó wà lórí server. SMTP ni à ń lò láti fi lẹ́tà jáde. Jon Postel ni ó kọ ìwé ìlànà rẹ̀ tí ó jáde ní 1982. Mutt pàápàá ti mọ IMAP í lò kí ó tó mọ SMTP. Títí di 2007, ṣe ni ó máa ń gbé lẹ́tà lé ètò mìíràn lọ́wọ́, bíi sendmail, pé kí ó bá òun fi ránṣẹ́. Ìpínyà yìí ṣì hàn nínú fáìlì ètò rẹ̀ di òní:

(1) set folder = "imaps://imap.example.org/"
set spoolfile = "+INBOX"
set from = "oluko@example.org"
set smtp_url = "smtps://oluko@mail.example.org:465/"

Ìlà kìíní àti ìkejì sọ ibi tí lẹ́tà ń gbà wọlé. Ìkẹta sọ orúkọ tí yóò wà lórí lẹ́tà. Ìkẹrin sọ ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Kò sí ohun kan nínú Mutt tí ó fi dandan lé e pé kí ìlà kẹta àti ìkẹrin bára mu, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀fìn wà.

2. Ìkọ́ tí kì í padà

Bí àdírẹ́sì bá di méjì, àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a kọ fáìlì kékeré kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi folder-hook pè wọ́n. Hook jẹ́ ìkọ́ tí a fi àṣẹ kọ́. Bí olùlò bá wọ inú àpótí tí orúkọ rẹ̀ bá ti ìkọ́ náà mu, àṣẹ náà yóò ṣiṣẹ́:

(2) folder-hook . 'source ~/.mutt/ise'
folder-hook imap\.gmail\.com 'source ~/.mutt/ile'

Àmì ìdánudúró inú ìlà kìíní bá gbogbo àpótí mu. Òun ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí pé bí àwọn ìkọ́ ṣe tẹ̀ léra nínú fáìlì ni Mutt ṣe ń ṣe wọ́n. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ohun tí ìkọ́ ilé yí padà yóò wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí olùlò bá kúrò ní àpótí ilé, torí pé Mutt kì í dá ohunkóhun padà sí ipò àtijọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo olùkọ́ kan tí ó ń ka lẹ́tà ilé lọ́wọ́, tí ó rántí pé òun ní láti kọ̀wé nípa èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà níbẹ̀, ó rí i pé orúkọ ilé ni ó wà lórí rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ yí orúkọ náà padà sí ti ibi iṣẹ́. Orúkọ ti yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò yí. Server Gmail ni lẹ́tà náà yóò gbà jáde. Bí olùkọ́ náà kò bá tíì fi àdírẹ́sì iṣẹ́ rẹ̀ hàn fún Gmail tẹ́lẹ̀, Gmail yóò pa á rẹ́, yóò sì fi àdírẹ́sì ilé rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣírí akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ilé jáde nìyẹn, èsì rẹ̀ yóò sì padà sí ilé.

Ohun tí ó tọ́ ni kí a so ọ̀nà àbájáde mọ́ orúkọ akọ̀wé. Ìkọ́ tí a ń pè ní send2-hook ni ó lè ṣe èyí, nítorí pé gbogbo ìgbà tí olùlò bá tún lẹ́tà ṣe tàbí tí ó bá yí orúkọ orí rẹ̀ padà ni Mutt ń yẹ̀ ẹ́ wò. Send-hook lásán kò tó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun ń ṣiṣẹ́:

(3) send2-hook . 'set smtp_url="smtps://oluko@mail.example.org:465/"'
send2-hook '~f oruko@gmail\.com' 'set smtp_url="smtps://oruko@gmail.com@smtp.gmail.com:465/"'

Kí a sì fi reverse_name àti alternates kún un, kí èsì lẹ́tà lè máa fi àdírẹ́sì tí a kọ lẹ́tà sí dáhùn. Ní ti ẹ̀dà lẹ́tà, Gmail ń tọ́jú tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí Mutt bá tún tọ́jú òmíràn síbẹ̀, yóò di méjì.

3. Ẹni tí ó ń gbà á ń bi í léèrè

Nígbà kan rí, àṣìṣe ọ̀nà kì í pa lẹ́tà lára. Ó ti yàtọ̀ báyìí. Nígbà tí Aláàfin bá rán ìlàrí níṣẹ́, bí a ṣe fá orí rẹ̀ ni ará ìlú tí ó lọ fi ń mọ̀ pé ààfin ni ó ti wá. Ìlànà SPF kò jìnnà sí èyí: ẹni tí ó ni orúkọ bí example.org yóò kọ àwọn server tí ó fún láṣẹ sí ibi tí gbogbo kọ̀ǹpútà ti lè kà á, server tí ó ń gba lẹ́tà yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. DKIM tirẹ̀ jẹ́ ìfọwọ́sí tí server afiránṣẹ́ ń ṣe sórí lẹ́tà. Láti oṣù Kejì 2024 ni Google ti fi dandan lé e pé lẹ́tà tí ń lọ sí Gmail gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ó kéré tán. Lẹ́tà tí ó gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ lè bọ́ sínú àpótí pàǹtírí láìjẹ́ pé ẹni tí ó kọ ọ́ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé náà ti le sí i. Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀nà ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé lásán mọ́ IMAP nínú Exchange Online ní oṣù Kẹwàá 2022. Ní ti Gmail, olùlò lè gba ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àkànṣe tí ó ní àmì 16, lẹ́yìn tí ó bá ti ṣètò ìfẹ̀rílàdí onípele méjì. Kò bójú mu kí a kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gbangba nínú fáìlì ètò. Gpg lè fi í pamọ́, kí Mutt sì máa kà á láti ibẹ̀. Kí a rántí pé smtp_pass gbọ́dọ̀ máa yí padà pẹ̀lú smtp_url.

4. Àmì ohùn

Òǹkọ̀wé Yorùbá ní ẹrù kan tí ó pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. SMTP ti 1982 kò mọ̀ ju álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì lọ. MIME, tí Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé jáde ní 1992, ni ó la ọ̀nà fún àwọn yòókù. Mutt fúnra rẹ̀ yóò yan UTF-8 bí ó bá rí «ọ» tàbí «ṣ» nínú lẹ́tà, bí ojú kọ̀ǹpútà náà bá ti wà ní UTF-8. Ṣùgbọ́n Unicode kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún «ẹ́»: «ẹ» ní tirẹ̀, àmì ohùn sì ń tẹ̀ lé e lọ́tọ̀. Nítorí náà ni àmì ṣe máa ń yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ lórí àwọn ojú kọ̀ǹpútà kan, tí lẹ́tà náà yóò sì pé pérépéré lọ́dọ̀ ẹni tí ó gbà á. Kí òǹkọ̀wé má tìtorí èyí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì kúrò.

5. Ìdánwò

Kí olùlò fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan sí èkejì. Kí ó ṣe é nígbà tí ó wà nínú àpótí tirẹ̀, kí ó sì tún ṣe é nígbà tí ó wà nínú àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá ṣí lẹ́tà náà, tí ó tẹ h, gbogbo orí lẹ́tà yóò hàn. Ìlà Received ni yóò sọ server tí ó gbà jáde. Authentication-Results ni yóò sọ bóyá a dá a mọ̀. Bí spf=fail bá wà níbẹ̀, ìlà send2-hook ni kí ó kọ́kọ́ tún kà.