Ojú Wíwọ́ Lára Ọmọdé: Ohun Tí Iṣẹ́ Abẹ Kò Lè Ṣe

Ojú wíwọ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni kí ẹyinjú kan máa wo iwájú kí èkejì sì yà sí ẹ̀gbẹ́. Iṣan mẹ́fà ni ó ń darí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ nínú wọn ni oníṣẹ́ abẹ ń gé kúrú tàbí tí ó ń sún sẹ́yìn. A kì í yọ ẹyinjú jáde rárá, bí àwọn òbí kan ti ń bẹ̀rù. Pípọ́n ojú a máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọ mìíràn a sì máa rí ohun kan ní méjì fún ìgbà díẹ̀.

Ọpọlọ ni ìṣòro gan-an wà. Kí ọmọ má baà máa rí méjì, ọpọlọ rẹ̀ a máa kọ àwòrán tí ojú tí ó yà ń gbé wá, títí ìríran ojú náà yóò fi rẹ̀yìn. Ọ̀bẹ kò dé ibẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń bo ojú tí ó dá ṣáṣá, kí èyí tí ó rẹ̀yìn lè ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi hàn pé, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, tí àìríran rẹ̀ kò sì le jù, bíbo ojú fún wákàtí 2 lóòjọ́ ṣiṣẹ́ tó ti wákàtí 6. Lójú tèmi, òbí tí ó jáwọ́ nínú bíbò ó nítorí pé ojú ti tọ́ ni ó yẹ kí dókítà tètè bá sọ̀rọ̀: bí ọmọ bá ti kọjá ọdún 7 tàbí 8, àtúnṣe a máa ṣòro sí i, bí kò tilẹ̀ di aláìṣeéṣe.