"A wà dáadáa" nìkan ò tó: Ohun tó yẹ kí Bàbá àti Màmá tó ti fẹ̀yìntì bá ọmọ òkè òkun fẹnu kò lé lórí

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ wo àdúgbò yín yíká. Ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo, ní Adó-Èkìtì, ilé pọ̀ tó ní yàrá mẹ́rin tàbí márùn-ún, àmọ́ tó jẹ́ pé Bàbá àti Màmá nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba. Owó oṣù àti owó àjọ ni wọ́n fi rán ọmọ níwèé. Àwọn ọmọ kàwé tán, wọ́n já pa. Ọ̀kan wà ní London, ọ̀kan wà ní Toronto, ọ̀kan wà ní Houston.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmú náà ń wá lóòótọ́, orí fóònù ló ń gbà wá. Owó ń wọlé, àwòrán ọmọ-ọmọ ń wọlé. Ohun tí kì í sábà wọlé ni òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ á béèrè pé ṣé dáadáa ni wọ́n wà, Màmá á ní, "A wà dáadáa, a dúpẹ́." Bẹ́ẹ̀, Bàbá ti ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Màmá ò fẹ́ kí ọmọ máa ronú lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọmọ náà, tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù méjì, á ní dáadáa lòun náà wà.

Ìfẹ́ ló ń mú wọn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ò sọ, kò sẹ́ni tó lè bá wa tọ́jú rẹ̀. Àwọn nǹkan tó yẹ kí ìdílé bẹ́ẹ̀ jókòó sọ nìyí, kí ọjọ́ ìṣòro tó dé.

Aago wọn yàtọ̀ sí tiwa

Kí GSM tó dé sí Nàìjíríà ní ọdún 2001, lẹ́tà ni òbí ń retí, tàbí kásẹ́ẹ̀tì tí ọmọ gba ohùn rẹ̀ sí, tó fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Lónìí, WhatsApp ti mú un rọrùn. Àmọ́ aago ṣì máa ń da àwọn àgbà láàmú.

Aago Nàìjíríà kì í yí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin. Ti London, Toronto àti Houston máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní oṣù Keje, bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù níbí, mẹ́sàn-án alẹ́ náà ni ní London, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Toronto, mẹ́ta ọ̀sán ni ní Houston. Tó bá di oṣù Kejìlá, mẹ́sàn-án alẹ́ wa yìí á jẹ́ mẹ́jọ alẹ́ ní London, mẹ́ta ọ̀sán ní Toronto, méjì ọ̀sán ní Houston. Nítorí náà, bí ọmọ ò bá gbé fóònù, ó lè jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ló wà. Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé ilé.

Ẹ mú ọjọ́ kan àti aago kan tó rọ gbogbo yín lọ́rùn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú dára fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ fi dátà sílẹ̀ fún un, ẹ sì jẹ́ kí fóònù ti gba iná kí NEPA tó mú iná lọ. Ẹ tún fẹnu kò pé bí ọmọ bá pè lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbé e, ó gbọ́dọ̀ pe aládùúgbò kí ó lọ kan ilẹ̀kùn.

Ẹ sọ ohun tí ẹ̀rọ sọ

Ọ̀pọ̀ àgbà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò sì ti wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Nọ́ńbà méjì ló máa ń gbé jáde. Bí ti òkè bá ń jẹ́ 140 sókè, tàbí ti ìsàlẹ̀ ń jẹ́ 90 sókè, léraléra, ó yẹ kí dókítà gbọ́. Kí Màmá ya àwòrán nọ́ńbà náà, kí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ó kọ orúkọ oògùn àti ọjọ́ tó máa tán sínú ìwé. Ọmọ tó bá rí èyí á mọ ohun tó ń lọ, kò ní máa méfò.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ lè sọ tirẹ̀. Kí ẹ tó mẹ́nu ba owó òrùlé tàbí owó ìnáwó ẹbí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Kí ló nira fún ẹ lọ́sẹ̀ yìí?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́ gbọ́ ọ. Ọmọ tó ń yáwó ránṣẹ́ sílé nítorí pé ojú ń tì í, wàhálà ló ń rà pamọ́ fún gbogbo yín.

Ta ló wà nítòsí?

Bí ẹnu Bàbá bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Kíá ló yẹ kó dé ọsibítù. Ọmọ tó wà ní Toronto ò lè gbé Bàbá sínú ọkọ̀. Ẹni tó wà ní ojúlé kejì ló lè ṣe é.

Ẹ yan ẹni náà báyìí. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, aládùúgbò, tàbí ẹnìkan láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó mọ ọsibítù tí ẹ ń lò. Kí àwọn ọmọ ní nọ́ńbà rẹ̀, kí wọ́n sì máa kí i nígbà tí kò sí ìṣòro, kó má jẹ́ ọjọ́ tí iná bá jó nìkan ni wọ́n ń rántí rẹ̀. Ẹ mọ nọ́ńbà pàjáwìrì, 112, sórí. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ló sì máa ń béèrè owó kí wọ́n tó gba aláìsàn wọlé, nítorí náà kí owó díẹ̀ wà níbi tí Màmá ti lè mú un fúnra rẹ̀, lóru pàápàá.

Bí Màmá bá lọ tọ́jú ọlọ́mọ

Bí ọmọ bá bímọ, Màmá ni wọ́n sábà máa ń ránṣẹ́ sí. Físà àbẹ̀wò Ìlú Ọba gba èèyàn láàyè tó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Kánádà ní èyí tí wọ́n ń pè ní Super Visa fún òbí, tó lè jẹ́ kí wọ́n lo ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ọmọ ìlú tàbí ìwé ìgbélùú ibẹ̀, ìnṣọ́ránsì ìlera òbí náà ò sì gbọdọ̀ dín ní 100,000 dọ́là Kánádà.

Nínú ayọ̀ yìí, wọ́n máa ń gbàgbé Bàbá. Ẹni tí kò dáná rí láti ogójì ọdún, òun nìkan ló wá ń gbé ilé. Kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè: ta ni yóò máa bá a jẹun? Ta ni yóò rán an létí oògùn? Kí Màmá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀bà àti bí wọ́n ṣe ń gbé ọbẹ̀ kaná. Ojú kò ní tì í tó bá yá.

Owó àti àwọn oníjìbìtì

PTAD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń sanwó fún àwọn tó wà lábẹ́ ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́, ti ṣètò pé kí èèyàn lè fi fóònù jẹ́rìí pé òun ṣì wà láàyè. Ó dára, àmọ́ ọmọ tó mọ fóònù lò kò sí nílé. Ọmọ aládùúgbò lè bá yín di kámẹ́rà mú. Ẹ má fún un ní PIN báńkì.

Àwọn oníjìbìtì náà mọ ilé tí ọmọ wà lókè òkun. Wọ́n lè pè pé ọlọ́pàá ti mú ọmọ yín ní London, kí ẹ tètè fi owó ránṣẹ́. Ẹ̀rọ wà báyìí tó ń ṣe ohùn èèyàn gẹ́lẹ́. Ẹ yan ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ẹbí nìkan mọ̀, bóyá orúkọ ewúrẹ́ tí Ìyá Àgbà ń sìn láyé ọjọ́un. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, kẹ́ ẹ fúnra yín pe ọmọ lórí nọ́ńbà tí ẹ mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí yín fún òun, ẹ má kà á.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ aago ìpè sí i, orúkọ oògùn, nọ́ńbà aládùúgbò àti orúkọ ọsibítù. Ọ̀rọ̀ àṣírí ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ o. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù, kẹ́ ẹ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.